Ihò Mẹ́rin Lábẹ́ Ilẹ̀kùn Gíláàsì: Iṣẹ́ Balùwẹ̀ Kan ní Ìbarà

"Ẹ̀yin ni ẹnì kẹrin. Bó bá jẹ́ ògiri mi ni ẹ fẹ́ wá fọ́, ẹ kúkú jókòó sílé yín."

Ọ̀rọ̀ tí Màmá, oníbàárà tuntun kan, fi kí èmi púlọ́ńbà lórí fóònù nìyẹn, ní ìparí oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí aṣọ sá ní Abẹ́òkúta. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé ojú ni mo máa kọ́kọ́ fi wò ó, òòlù á ṣì wà nínú àpò.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ní Ìbarà. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló kọ́ ọ ní 1986. Màmá ti pé ọdún 74, àdìrẹ ni wọ́n sì ń tà ní Ìtòkú láti ìgbà ọmọge wọn. Títí di ìsinsìnyí, àwọ̀ aró ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn. Orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ yàrá òkè ni wọ́n ń sùn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá àlejò, ìjà ló ń wá. Inú yàrá òkè yẹn ni balùwẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Ẹjọ́ méjì ni wọ́n rò fún mi. Àkọ́kọ́, ṣáwà kò dákẹ́: ẹ tì í, ẹ fún un pa, á ṣì máa kán tọ̀sán-tòru. Ìkejì, síìlìn pálọ̀ ìsàlẹ̀ ti ní àbàwọ́n kan tó fẹ̀ bí àwo ìgbéjẹ, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti tíì tí kò ní mílíìkì, ó sì kù díẹ̀ kó kan gílóòbù. Lọ́jọ́ mìíràn omi á máa já bọ́ láti ibẹ̀, Màmá á gbé abọ́ sí i. Lójú wọn, ẹjọ́ kan náà ni méjèèjì. Ṣáwà ń kán lókè, síìlìn ń kán nísàlẹ̀, kí ló tún kù?

Èrò yẹn ló da àwọn mẹ́ta tó ṣáájú mi rú. Ẹni àkọ́kọ́, olórùlé ni. Ó wo síìlìn pálọ̀, ó ní òrùlé ló ń jò, ó gun òkè, ó sì pààrọ̀ páànù mẹ́ta. Mi ò mọ bí omi òrùlé ṣe máa fo bẹ́ẹ̀dì Màmá kọjá, kó la dẹ́kìn já, kó tó dé pálọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sanwó ìyẹn. Ẹnì kejì jẹ́ púlọ́ńbà bíi tèmi. Ó rí i pé orí ṣáwà ni omi ti ń kán, ó yọ orí ṣáwà náà, ó sì fi tuntun sí i, èyí tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò tí ọmọ Màmá fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Ṣáwà tuntun náà ń kán bíi ti tẹ́lẹ̀. Orí ṣáwà kì í ti omi. Ẹnu lásán ni. Ohun tó ń ti omi wà nínú ògiri, níbi tí ọwọ́ ti ń yí i. Ẹnì kẹta ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó po sìmẹ́ǹtì funfun, ó fi rẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn gíláàsì ṣáwà láti inú. Màmá ní ó mọ́ lójú púpọ̀. Wọ́n tún ní láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni abọ́ tó wà ní pálọ̀ ti ń tètè kún. Òjò ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Mo fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí mo débẹ̀, iná ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n pa, ìyẹn iná gílóòbù pálọ̀ yẹn, láti ojú fíúsì rẹ̀ gan-an, kì í ṣe swíìṣì ara ògiri. Omi tó bá rí wáyà nínú síìlìn kì í kí ènìyàn kó tó ṣe é léṣe. Lẹ́yìn náà ni mo gòkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Igun balùwẹ̀ kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ṣáwà, ògiri mẹ́ta, wọ́n sì mọ ìdènà kékeré kan tó ga tó ìka mẹ́rin sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí omi má bàa jáde. Orí ìdènà yìí ni ilẹ̀kùn gíláàsì jókòó sí: gíláàsì méjì nínú alumíníọ̀mù, tí èkíní máa ń fà kọjá lẹ́yìn èkejì. Ní 1986, ó dájú pé ẹni tó ní irú rẹ̀ ti lajú. Ní báyìí, ọ̀kan ti há pátápátá, èkejì kò ṣí ju ìdajì lọ, Màmá ń fẹ̀gbẹ́ wọlé lọ wẹ̀. Gíláàsì náà kò tiẹ̀ ṣe é rí òdìkejì mọ́, omi bọ́ọ̀hóòlù ti fi èérún funfun bò ó.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ike ọ̀dà onílítà 10 kan. Aago méje alẹ́ ni mo gbé e sábẹ́ ṣáwà, mo ní kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, lítà 7 ló wà nínú rẹ̀. Lítà 14 lójúmọ́ nìyẹn, ó lé ní 400 lóṣù kan, ó sún mọ́ ìdajì táǹkì wọn tó jẹ́ onílítà 1,000. Bẹntiróòlù ni wọ́n sì fi ń fa omi ọ̀hún. Màmá kàn pa òṣé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń wá kọ́ nìyẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo abọ́ pálọ̀: ó gbẹ táútáú. Ṣáwà kán ní gbogbo òru, síìlìn kò kán. Ẹjọ́ méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi àkísà tí mo wé sínú ọ̀rá dí ihò tí omi ń gbà lọ, mo da omi sílẹ̀ títí ó fi ga tó ìka méjì, mo fi pẹ́ńsù sàmì sára táìsì. Wákàtí kan kọjá, omi dúró síbi àmì. Ilẹ̀ ṣáwà kò jò. Mo fa àkísà yọ, omi ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pálọ̀ ṣì gbẹ. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ kò jò. Mo fi abọ́ da omi sára ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí nǹkan kan. Ó wá ku ilẹ̀kùn.

Ibí yìí ni Màmá ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ti fẹ́ da omi lásán sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n síìlìn ìsàlẹ̀ ti rin tẹ́lẹ̀, a lè má mọ omi tuntun yàtọ̀ sí ti àná. Mo ní bóyá kí wọ́n fún mi ní aró díẹ̀ kí omi lè láwọ̀. Màmá wò mí bí ẹni pé mo bú wọn.

"Aró kẹ̀? Nínú balùwẹ̀ mi? Ṣé ẹ mọ̀ pé aró kì í lọ ni? Bó bá wọ àárín táìsì, ọmọ ọmọ mi á bá a níbẹ̀. Búlúù ìfọṣọ ni kí ẹ lò. Ìyẹn ò ju àwọ̀ lásán lọ, omi á fọ̀ ọ́."

Wọ́n fúnra wọn po ó, wọ́n gbé e wá nínú ìgò omi onílítà kan àtàbọ̀. Mo rọra ń dà á sínú kòtò réèlì ìsàlẹ̀, níbi tí gíláàsì ń gbà rìn, ọmọ iṣẹ́ mi wà ní pálọ̀, ó gbójú sókè. Ìgò náà kò tíì tán tó fi kígbe: "Ọ̀gá! Ó ti dé!" Àmì búlúù kan, tí kò ju owó ẹyọ lọ, yọ ní àárín àbàwọ́n tíì yẹn, ó ń fẹ̀, ó wá já bọ́ sínú abọ́. Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Èmi ni mo sì ń bú òjò láti ọjọ́ yìí."

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ilẹ̀kùn yìí nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe máa wẹ̀ tí omi kò ní wọ inú réèlì. Ẹni tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lu ihò kéékèèké sí ara réèlì láti ẹ̀gbẹ́ inú, kí omi tó bá wọlé rí ibi tó máa gbà padà sínú ṣáwà. Ti Màmá ní mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ìta ni ènìyàn ń fi sílíkóònù lẹ̀ pa, inú ni à ń fi sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kẹta, òdìkejì ló ṣe. Ó rí i pé omi ń jáde láti inú àwọn ihò yẹn, ó rò pé jíjò ni, ó fi sìmẹ́ǹtì funfun dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi tó ń padà sílé tẹ́lẹ̀ kò rí ọ̀nà mọ́, réèlì di kòtò, omi dúró nínú rẹ̀ ó ń wá ibòmíràn. Ibòmíràn náà sì wà: láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn náà síbẹ̀ ni ẹnì kan ti fi ìṣó sukúrúù mẹ́ta kan réèlì mọ́ ìdènà, ó lu táìsì àti dẹ́kìn. Kò sídìí fún un. Ìṣó ara ògiri àti sílíkóònù tó láti mú réèlì ìsàlẹ̀ dúró. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, díẹ̀díẹ̀ ni omi ń wọ ihò ìṣó, àbàwọ́n tíì ń fẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì funfun ló di ọ̀gbàrá.

Mi ò sọ èyí láti fi gan ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti fi sílíkóònù dí irú ihò bẹ́ẹ̀ rí, ní nǹkan bí ọdún kẹta tí mo gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá mi ló fi eyín rẹ̀ fà á jáde lójú mi.

Ìbéèrè wá ni pé kí la máa ṣe sí ilẹ̀kùn. A lè gbẹ́ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká fi sílíkóònù lẹ ìta, ká gbowó lọ. Ṣùgbọ́n ihò ìṣó ṣì wà lábẹ́, kò sì sí bí a ṣe máa dí i láì gbé réèlì. Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké tí gíláàsì ń fi rìn ti jẹ, irú wọn kò sí lọ́jà mọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, Màmá ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí réèlì onírin tó mú ṣáṣá yìí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Mo ní kí a yọ ọ́ pátápátá, kí a fi kọ́tìnì dípò.

Ọmọ wọn pe fídíò láti Kánádà. Ọmọ dáadáa ni, ó bu ọlá fún mi, "Ẹ̀gbọ́n" ni ó ń pè mí, ṣùgbọ́n ó ti wo fídíò mẹ́fà lórí YouTube. Ó fẹ́ ilẹ̀kùn gíláàsì tuntun tí kò ní férémù. Mo ní ó dára, ó lẹ́wà, ta ló máa máa nu èérún omi bọ́ọ̀hóòlù kúrò lára rẹ̀? Ó dákẹ́. Màmá gba fóònù: "Kọ́tìnì ni mo fẹ́. Kọ́tìnì, mo lè fọ̀ ọ́." Ó parí síbẹ̀.

Ṣáwà tó ń kán la kọ́kọ́ mú, nítorí ìyẹn kò le. Tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Kò sí ibi kankan nínú ilé tí a ti lè ti omi balùwẹ̀ yẹn nìkan, àfi lẹ́sẹ̀ táǹkì. Ọmọ iṣẹ́ mi gun orí rẹ̀, ó di gate valve, ìyẹn ohun tí wọ́n ń yí láti ti omi, mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ sí i lọ́wọ́. Ó ti dì pa láti ọdún gbọọrọ. Omi sì kún táǹkì dé ẹnu.

"Ẹ ò ní da omi mi nù o," Màmá ké láti ojú wíńdò. "Omi tí mo fi bẹntiróòlù fà lánàá!"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí pọn omi nìyẹn. Dírọ́ọ̀mù mẹ́ta kún, báàfù kún, gbogbo ike tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ nínú ọgbà kún. Màmá ránṣẹ́ sí àdúgbò, àwọn ọmọdé gbé kẹ́ẹ̀gì dé, wọ́n tò bí ẹni pé ọjọ́ ayẹyẹ ni. Aago mọ́kànlá kọjá kí táǹkì tó gbẹ. Mo gé gate valve náà kúrò, mo fi ball valve sí i, mo sì tún fi ọ̀kan sí ẹnu páìpù tó wọ balùwẹ̀ òkè, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú má bàa rí ohun tí ojú wa rí. Mo fi í sílẹ̀ kí gọ́ọ̀mù gbẹ títí di ìrọ̀lẹ́ kí n tó jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́.

Láàárín ìgbà yẹn, mo tú stopcock inú ògiri, ìyẹn ohun tó ń ti omi ṣáwà. Ẹ yọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ yọ ìdérí dídán, ẹ fi sípánà onítúùbù yí orí rẹ̀ sósì, á jáde odindi. Nídìí rẹ̀ ni wáṣà wà, rọ́bà dúdú tí kò ju bọ́tìnì kóòtù lọ. Mo gbé ti Màmá sí àtẹ́lẹwọ́: ojú rẹ̀ ti jìn yíká bí ẹni pé wọ́n fi ẹnu ìgò tẹ̀ ẹ́, apá kan sì ti ya. Kì í tiẹ̀ ṣe wáṣà gidi. Ẹnì kan ló gé e láti ara túùbù táyà ọ̀kadà. Mi ò bá a jà, mo ti ṣe é rí lálẹ́ Sátidé tí ọjà ti tì, àmọ́ oṣù díẹ̀ ló ń lò. Wáṣà gidi kò tó owó mínírà kan.

Bí ẹ bá pààrọ̀ wáṣà nìkan, ẹ ò tíì ṣe tán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, mo fi orí ìka kan ibi tí wáṣà máa ń jókòó lé: ó rí págunpàgun, iyanrìn ti họ ọ́, ọ̀nà tóóró kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wáṣà tuntun lórí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, oṣù kan ni. Mo ní irin kan tí wọ́n fi ń fá a, mo kì í bọ inú rẹ̀, mo yí i wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún fi ìka kàn án. Ó ti dán. Mo fi wáṣà tuntun sí i, mo fi gíríìsì díẹ̀ pa ara rẹ̀, mo sì dá a padà. Mo wá gba pláyà tí Màmá gbé sórí sínkì lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí ṣáwà ti bẹ̀rẹ̀ sí kán ni wọ́n ti ń fi pláyà fún un pa, bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe ń fún un tó ni rọ́bà ń ya tó. Mo ní ìka méjì ni kí wọ́n máa fi tì í.

Ṣáwà Kánádà ńkọ́? Omi rẹ̀ kàn ń ro sí wọn ní èjìká ni. Táǹkì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mítà 10 ga ju ṣáwà lọ kí omi tó ní agbára bar kan (bar ni a fi ń wọn agbára omi). Ti Màmá kò ju mítà 3 lọ. Orí fífẹ̀ yẹn fẹ́ agbára tí a kò ní. Mo bèèrè èyí tí wọ́n yọ, ó wà lábẹ́ sínkì. Mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́, mo rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ mọ́jú, èérún funfun tó dí ojú rẹ̀ sì rọ̀ dànù. Ó ń tú omi jáde báyìí dáadáa. (A kò tíì sọ fún ọmọ wọn.)

Ilẹ̀kùn ló wá kù, òun ló sì gba ọjọ́ kan gbáko.

Gíláàsì ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀. Gíláàsì ilẹ̀kùn ṣáwà tó bá jẹ́ ojúlówó, wọ́n ti yan án nínú iná tó lé ní 600 digirí, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tù ú lójijì. Ojú rẹ̀ lágbára, ẹ lè fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Etí àti igun rẹ̀ ni ẹlẹgẹ́: bí igun rẹ̀ bá gbá ilẹ̀ táìsì, gbogbo rẹ̀ á fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wẹ́wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ òkúta. Gíláàsì wíńdò lásán ńkọ́? Ìyẹn máa ń já sí ọ̀bẹ. Irú èyí tó wà níwájú wa ni mo fẹ́ mọ̀, nítorí àwọn ilé àtijọ́ mìíràn lásán ni wọ́n lò. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ mìíràn sí méjì, mo fi nu igun ìsàlẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á. Àmì kékeré kan yọ, bí èdìdì, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara gíláàsì fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ ojúlówó. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi wọ sílípáàsì wá lọ́jọ́ yẹn. Mo dá a padà sílé lọ wọ bàtà. A wọ ìbọ̀wọ́, a wọ awò, a fi masking tape lẹ gíláàsì ní àgbélébùú lójú méjèèjì kó má bàa fọ́n ká bó bá fọ́. A tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan sílẹ̀ láti ẹnu balùwẹ̀ dé yàrá. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 70 sẹ̀ǹtímítà, ó ga ní 170, ó nípọn ní mìlímítà 6. Ìyẹn nǹkan bíi kílò 18, kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Ìwúwo kọ́ ni wàhálà. Ọṣẹ ọdún gbọọrọ ló wà lára rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. A kọ́kọ́ nù ún gbẹ.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ni pé ẹ tú ìdúró kékeré tó wà láàárín réèlì ìsàlẹ̀, ẹni méjì á di gíláàsì inú mú, wọ́n á gbé e sókè tààrà títí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi bọ́ lórí réèlì òkè, wọ́n á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ ara wọn, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tó ń rìn jáde bẹ́ẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó há kò gbà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti dípẹtà mọ́ réèlì. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí a jọ fi agbára fà á, mo ní rárá, gíláàsì kì í ṣe ẹran ìléyá. Ó ń dì í mú, mo ń fi ojú ayùn irin lásán, láìsí ọwọ́ rẹ̀, gé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ lókè orí mi. Ogójì ìṣẹ́jú. Apá mi kú. Nígbà tó já, a gbé e lọ sórí mátírẹ́ẹ̀sì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Férémù ara ògiri ní ìṣó sukúrúù mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Mẹ́rin gbà, méjì ti jẹ lórí, mo fi dírìlì lu orí wọn fò. Mo fi abẹ fá sílíkóònù dúdú kúrò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ku réèlì ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sókè, òórùn tó jáde lé ọmọ iṣẹ́ mi síta: irun, ọṣẹ, ẹrẹ̀ dúdú, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ìṣó àárín ti jẹ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ihò rẹ̀ sì gba ìka mi kékeré. Mo da omi ìbàǹbà kan sí i. Ó gbé e mì.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tèmi. Ìpẹ̀kun réèlì ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì kánjú, mo ti kísù bọ abẹ́ rẹ̀, mo gbá a lẹ́ẹ̀kan. Táìsì kan là gbàrà láti igun dé igun. Mo dúró, mo ń wò ó. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tí Màmá fi kí mi.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọjà kí n tó sọ fún wọn. Mo mú àfọ́kù kan lọ́wọ́ lọ sí Kútọ, mo lọ sí Páńṣẹ́kẹ́. Ọmọdékùnrin kan ní sọ́ọ̀bù yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, a ò tíì bí mi nígbà tí wọ́n ń ta èyí." Mo padà wá jẹ́wọ́. Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ sí ilé ìdáná, wọ́n sì gbé nǹkan kan wá: táìsì kan náà, òdòdó àwọ̀ ilẹ̀ kan náà, odindi. Ìdérí àmù omi wọn ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ni wọ́n ti fi ń dé àmù.

"Ra ìdérí àmù fún mi," wọ́n ní. Mo ṣàkíyèsí pé "ẹ" ti parí, "o" ló kù. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ọlá.

Ìyókù kò gùn. A fi fáànù fẹ́ ìdènà náà fún ọjọ́ méjì, nítorí ohunkóhun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó rin á ṣí. Mo gbẹ́ ihò ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, mo fi sìmẹ́ǹtì tí mo po mọ́ oògùn adènà-omi dí wọn, mo kun oògùn náà lórí ìdènà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lẹ táìsì. Mo rọra mú orí ìdènà dà síhà inú, bíi mìlímítà 3, torí tẹ́lẹ̀ ìta ló dà sí, omi tó bá dé orí rẹ̀ kò mọ̀ pé ilé wà lẹ́yìn. Gírọ́ọ̀tì gidi ni mo fi dí àárín táìsì. Sìmẹ́ǹtì funfun tí gbogbo wa ń lò dára fún ògiri pálọ̀; níbi tí omi ń dé lójoojúmọ́, á sán, á gba omi wọlé. Ọ̀pá kọ́tìnì wọ ara ògiri lókè, kò kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ kọ́tìnì sì wà nínú ìdènà. Mo fi irin ìdìmú kan sára ògiri fún orúnkún Màmá, mo kọ́kọ́ fún sílíkóònù sínú ihò rẹ̀ kí n tó ti ìṣó bọ̀ ọ́.

Síìlìn pálọ̀, mo ní kí wọ́n má gé e. Síìlìn ilé tí wọ́n kọ́ láyé ìgbà yẹn lè jẹ́ asbestos, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn ún.

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá fúnra wọn po búlúù mìíràn. Ìgò méjì ni wọ́n dà sórí ìdènà náà lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ọ̀kan kò tó. Ọmọ iṣẹ́ mi dúró sí pálọ̀ fún wákàtí kan títí ọrùn fi dùn ún. Mo tún yà níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ lẹ́yìn òjò ńlá kan. Abọ́ ti kúrò nílẹ̀, ṣáwà dákẹ́.

Àwọn gíláàsì méjèèjì ni Màmá kò jẹ́ kí a jù nù. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ojú tábìlì ní sọ́ọ̀bù Ìtòkú, tí wọ́n á máa ká àdìrẹ lé lórí. Kápẹ́ńtà ní òun á gé e kó bá tábìlì òun mu. Mo sáré pè é, mo ní irú gíláàsì yìí kì í ṣe é gé, bó bá ti họ ọ́ jinlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò fọ́ sí i lára. Kò gbà mí gbọ́, ó ní òun ti ń gé gíláàsì láti kékeré. Nígbà tí mo dé Ìtòkú lọ́sẹ̀ kejì, ẹyọ kan ló wà lórí tábìlì, odindi, pẹ̀lú àmì kékeré yẹn ní igun rẹ̀, àwọn àdìrẹ sì wà lórí rẹ̀. Tábìlì ni kápẹ́ńtà gé. Mo bèèrè ìkejì lọ́wọ́ Màmá.

"Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀," wọ́n ní, wọ́n ń ká aṣọ lọ. "Títí di àná, ó ṣì ń gbá a jáde nínú ìsọ̀ rẹ̀."